Ojú Ọjọ́ Ń Yí, Àwọn Náà Ń Yí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Èèyàn Ayé Àtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn yẹn, ẹ kú ìdúró, àga ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún mi lónìí ni bí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ṣe bá ojú ọjọ́ tó ń yí padà yí. Kì í ṣe ọ̀bọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ o, èèyàn bíi tiwa ni, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá wọ bùbá àti ṣòkòtò wọnú yàrá yìí báyìí, ẹ ò ní mọ̀ pé wọn kì í ṣe ará ibí àfi tí wọ́n bá lanu sọ̀rọ̀.

Kí n yáa tètè sọ ibi tí mò ń lọ kẹ́ ẹ má baà máa retí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ọpọlọ wa ló jẹ́ ká yè é, pé a gbọ́n ju ẹranko lọ, ọ̀rọ̀ parí. Irọ́ kọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo àwọn nǹkan táwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n orí ẹnì kan ò lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀dá ọdún mẹ́ta. Ohun tó gba àwọn tó yè ni pé wọn ò gbára lé oúnjẹ kan ṣoṣo àti ibì kan ṣoṣo, wọ́n sì léèyàn níbi tó jìnnà sí wọn. Àwọn tí okùn yẹn já mọ́ lọ́wọ́, àwọn míì nínú wọn kú tán pátápátá, a ò sì jẹ́ ọmọ wọn. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ló ń yí ojú ọjọ́ padà nígbà tí ò sí mọ́tò, tí ò sí jẹnẹrétọ̀, tí ò sí iléeṣẹ́ tó ń tú èéfín. Ayé fúnra ẹ̀ ni. Bó ṣe ń pòòyì, ó tún ń fì, bí òkòtó tí agbára ẹ̀ fẹ́ẹ́ tán, fífì yẹn sì ń gba ohun tó lé ní ọdún 20,000 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà máa ń pọ̀ sí i, á tún dín kù, ní nǹkan bí ọdún 41,000. Ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká náà á rí roboto, tó bá yá á gùn díẹ̀, ìyẹn ń gba nǹkan bí ọdún 100,000. Ọkùnrin ará Serbia kan tó ń jẹ́ Milutin Milankovitch ló jókòó ti ìṣirò yẹn, ọwọ́ lásán ló fi ṣe é, kò sí kọ̀ǹpútà, wọ́n tiẹ̀ mú un sátìmọ́lé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ń bá ìṣirò ẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Iṣẹ́ tí gbogbo ìyẹn ń ṣe ni pé ó ń yí bí oòrùn ṣe ń ta sí ibi kọ̀ọ̀kan padà. Nígbà míì òjò á wọ àárín Sahara, adágún àti odò á kún ibẹ̀, erinmi àti ọ̀nì á máa gbé ibi tó jẹ́ iyanrìn lásán lónìí. Ìgbà tíyẹn ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 14,500 sẹ́yìn, ó sì parí ní nǹkan bí ọdún 5,500 sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi tí darandaran kan ṣàdédé bá pàdé lábẹ́ ilẹ̀ ní Dufuna, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, lọ́dún 1987 níbi tó ti ń gbẹ́ kànga, ìgbà òjò yẹn ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó tó ọdún 8,000, ó sì gùn ju mítà mẹ́jọ lọ. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ òtútù ló máa gba òkè ayé, yìnyín á nípọn bí òkè ńlá lórí àríwá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, omi tó di yìnyín yẹn, inú òkun ló ti wá, nítorí náà òkun á fà. Ní nǹkan bí ọdún 21,000 sẹ́yìn, òkun fi nǹkan bí mítà 120 lọ sílẹ̀ ju bó ṣe wà báyìí. Àwọn tó ń gbé etí òkun nígbà yẹn, abẹ́ omi ni ibùdó wọn wà lónìí, ẹja ló ń gbé e.

Irú wa ti ń fojú rí i tipẹ́. Egungun tó pẹ́ jù nínú àwọn tí wọ́n kà mọ́ ìran wa, Jebel Irhoud ní Mòrókò ni wọ́n ti rí i, ó ti tó ọdún 300,000. Ẹ wá ṣírò iye ìgbà tí òtútù ti dé tó ti lọ, tí Sahara ti tutù tó tún ti gbẹ, láti ìgbà yẹn.

Ó yá, ẹ bá mi ká lọ sí South Africa, torí ibẹ̀ ni ihò àpáta tó bá wa tọ́jú nǹkan dáadáa pọ̀ sí. Létí òkun ní Mossel Bay, ibì kan wà tó ń jẹ́ Pinnacle Point. Láàárín ọdún 195,000 sí nǹkan bí 125,000 sẹ́yìn, òtútù ló wà lóde, Áfíríkà gbẹ, ọ̀pọ̀ ibi ò ṣeé gbé. Curtis Marean àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i níbẹ̀ pé ní ọdún 164,000 sẹ́yìn àwọn èèyàn ti ń jẹ nǹkan oníkarawun inú òkun, ìṣáwùrú àtàwọn ẹbí ẹ̀. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Ẹran igbó á ṣí lọ tí koríko bá gbẹ, àmọ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ àpáta nínú òkun kì í lọ síbì kankan, ọ̀dá ò kàn án. Ohun tó kàn ṣòro níbẹ̀ ni pé ìgbì òkun ibẹ̀ le, èèyàn ò lè ṣàdédé wọ omi lọ ká a, ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn gan-an lèèyàn tó lè rí èyí tó jọjú kó, ìyẹn sì ni ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá kún rẹ́rẹ́. Marean ní wọ́n ti ń ka òṣùpá nìyẹn. Èmi gbà pẹ̀lú ẹ̀, torí ẹni tébi ń pa, tó ń gbé etí òkun, tí ò sí tẹlifíṣọ̀n nílé ẹ̀, kí ló tún fẹ́ máa wò lálẹ́?

Wọn ò sì fi ti òkun nìkan ṣe. Ní Border Cave, lẹ́bàá ẹnubodè Eswatini, wọ́n rí nǹkan tó dà bí isu igbó kéékèèké tó jóná mọ́ inú eérú, ó ti tó ọdún 170,000. Ẹnì kan wà á nínú igbó, ó gbé e wálé, ó sun ún. Kí ló dé tí kò jẹ ẹ́ síbi tó ti wà á? Àwọn kan wà nílé tó ń retí ẹ̀ ni. Èyí máa ń wú mi lórí ju ọfà àti ọ̀kọ̀ lọ, torí ìtàn àtijọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún wa, ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀ dání ló máa ń kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tó wa isu ò sí níbẹ̀.

Ojú ọjọ́ kì í ṣe òtútù àti ooru nìkan, kòkòrò wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ̀fọn ń fojú wa rí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ihò kan wà ní KwaZulu-Natal tó ń jẹ́ Sibudu, òkè odò ló wà. Lọ́dún 2011 Lyn Wadley ti Yunifásítì Witwatersrand gbé e jáde pé àwọn rí ibùsùn níbẹ̀, ibùsùn tó ti wà láti ọdún 77,000 sẹ́yìn. Koríko etí odò ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó nípọn, ó rọ̀, wọ́n wá fi ewé igi kan bo ojú ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ewé yẹn ṣì hàn ketekete. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ewé Cryptocarya woodii ni, igi tó jẹ́ pé nínú ewé ẹ̀ gan-an ni oje tó ń pa kòkòrò, tó ń lé ẹ̀fọn, wà. Nínú gbogbo igi tó wà nínú igbó yẹn, òun ni wọ́n mú. Tí ibùsùn bá ti gbó, tí kòkòrò ti wọ̀ ọ́, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé eérú ẹ̀ lórí, àwọn ìpele yẹn sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ìkan lórí ìkan. Border Cave tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọdún 200,000 sẹ́yìn, orí eérú ni wọ́n tẹ́ koríko tiwọn sí, torí kòkòrò tó ń rìn nílẹ̀ ò fẹ́ràn eérú, ẹ bi àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi ewé yẹn díẹ̀. Èèyàn ò lè fọgbọ́n orí mọ̀ ọ́n. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ wo igi lójú kẹ́ ẹ mọ̀ pé ewé ẹ̀ ń lé ẹ̀fọn. Ẹnì kan ló ti kíyè sí i rí, ó sọ fún ọmọ ẹ̀, ọmọ sọ fún ọmọ. Tí ìran yẹn bá kéré jù, tí àgbà méjì kú nínú òtútù ọdún kan ṣoṣo, ewé ti lọ nìyẹn, ẹ̀fọn dé.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹyin ògòǹgò. Ní Diepkloof, ní apá ìwọ̀ oòrùn South Africa, wọ́n rí èèpo ẹyin ògòǹgò tí wọ́n fín lára, ó lé ní irínwó èèpo, nǹkan bí ọdún 60,000 sẹ́yìn ni. Ìlà ni wọ́n fín, ìlà gbọọrọ méjì tí ìlà kéékèèké dábùú láàárín wọn, irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àpẹẹrẹ kan náà lára èèpo rẹpẹtẹ. Àwọn kan nínú ẹ̀ ní ihò tí wọ́n dìídì lu sórí ẹ̀. Ìgò omi ni! Ẹyin ògòǹgò kan ń gba omi tó lítà kan, ẹ lu ihò sí i, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, ẹ pọn omi sí i, ẹ fi koríko dí i, ẹ lè gbé e rìn ní aṣálẹ̀. Àwọn San, ìran ọdẹ tó wà ní aṣálẹ̀ Kalahari, lo irú ẹ̀ títí di àná yìí, wọ́n tiẹ̀ máa ń ri ín mọ́lẹ̀ kí ọ̀nà tó gbẹ, kí ẹni tó bá ń kọjá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè rí omi mu. Ìyẹn ni pé ẹ lè rìn kọjá ibi tí kò ti sí omi, ilẹ̀ tó ti sé mọ́ yín tẹ́lẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Tí ẹyin bá fọ́, wọ́n á fi èèpo ẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí lẹ rí tí mo ń fọwọ́ sọ yìí. Ní orí òkè Lesotho, ògòǹgò kì í gbé ibẹ̀, ó ga jù, ó tutù jù, bẹ́ẹ̀ wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ ẹyin ògòǹgò nínú ihò méjì tó ń jẹ́ Melikane àti Sehonghong. Àwọn kan yẹ èròjà kan tó ń jẹ́ strontium tó wà lára ẹ̀ wò, torí ilẹ̀ tí ẹyẹ bá ti jẹun máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ẹyin ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn jáde lọ́dún 2020. Èsì ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn wá láti ibi tó ju kìlómítà 100 lọ, àwọn míì ju 300 lọ, àwọn kan nínú ẹ̀ sì ti pẹ́ tó ọdún 33,000. Ó jọ pé kì í ṣe pé ẹnì kan rin kìlómítà 300 lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ o, ọwọ́ dé ọwọ́ ni, ẹni tibí fún ẹni tọ̀hún.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń ṣe é? A lè wo àwọn Ju/'hoansi, ìkan nínú àwọn San, tó wà láàárín Namibia àti Botswana. Wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní hxaro. Polly Wiessner lọ gbé pẹ̀lú wọn ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ bó ṣe rí sílẹ̀. Èmi á fún ẹ ní ìlẹ̀kẹ̀, o ò gbọdọ̀ san án padà lójú ẹsẹ̀, torí tó o bá san án padà lójú ẹsẹ̀ a ti parí nìyẹn, kò sí nǹkan kan láàárín wa mọ́. Ó di ìgbà míì kó o tó fún mi ní nǹkan padà, a wà nínú gbèsè ara wa títí ayé. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mi bá wá gbẹ, mo mọ ilé tí mo lè kó ìyàwó àti ọmọ lọ, wọ́n á fún wa ní omi mu, wọ́n á jẹ́ ká ṣọdẹ lórí ilẹ̀ wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni ìwé ẹ̀rí. Mi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn ti ọdún 33,000 sẹ́yìn ṣe ń ṣe é, àmọ́ ẹni tó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ yẹn kàn wà fún fáàrí ni, òun ló ní ọ̀rọ̀ láti ṣàlàyé.

Okùn yẹn máa ń já o. Jennifer Miller àti Yiming Wang wọn ìlẹ̀kẹ̀ ẹyin ògòǹgò tó lé ní 1,500, láti ibi 31 ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2022. Láti nǹkan bí ọdún 50,000 sí 33,000 sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ tìlà oòrùn àti tigúúsù jọra wọn tó jẹ́ pé kò lè jẹ́ èèṣì, bẹ́ẹ̀ àárín wọn tó kìlómítà 3,000. Lẹ́yìn 33,000, ó parí. Ìlẹ̀kẹ̀ tiẹ̀ pòórá ní gúúsù fún ọjọ́ pípẹ́. Èrò wọn ni pé òjò ilẹ̀ olóoru ṣí lọ sí gúúsù, agbègbè odò Zambezi kún fún omi, ọ̀nà sì dí. Ojú ọjọ́ ló dí ọ̀nà, àwọn èèyàn ò gbúròó ara wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Toba náà, kí n yára fi kún un, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí. Ní nǹkan bí ọdún 74,000 sẹ́yìn, òkè oníná kan tó ń jẹ́ Toba bú ní Sumatra, ní Indonesia, ó tóbi kọjá gbogbo èyí tí wọ́n ti rí nínú ìwé ìtàn. Ìtàn kan wà tó gbajúmọ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé eérú ẹ̀ bo oòrùn, òtútù pa gbogbo ayé, ìba èèyàn díẹ̀ ló kù. Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́ ṣá. Àmọ́ wọ́n rí èérún gíláàsì láti Toba, tí ojú lásán ò lè rí, ní Pinnacle Point, tó jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 9,000, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tiẹ̀ sá, wọ́n ń bá ayé wọn lọ. Wọ́n tún rí i ní Shinfa-Metema ní Ẹtiópíà, létí odò kan tó ń sàn lọ sínú Blue Nile, ìyẹn jáde lọ́dún 2024. Tibẹ̀ yẹn tún wá yàtọ̀, torí ẹ̀ẹ̀rùn le sí i lẹ́yìn Toba, odò gé, ó di ọ̀gọ̀dọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀, ẹja wá há sínú ẹ̀, làwọn èèyàn bá kó sí ẹja jíjẹ. Tí ọ̀gọ̀dọ̀ kan bá tán, wọ́n á ṣí lọ sí òmíràn. Egungun ẹja pọ̀ sí i nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rí wà. Wọ́n sì rí òkúta onígun mẹ́ta kékeré tó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ọfà.

Ó yá ká lọ síbi òtútù. Nígbà wo lèèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọ aṣọ? Aṣọ máa ń jẹrà, awọ ń jẹrà, kí lẹ máa hú jáde? Iná orí ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Iná tó ń gbé orí àti èyí tó ń gbé inú aṣọ jẹ́ ìbátan, àmọ́ tinú aṣọ ò lè wà tí ò bá sáṣọ. Àwọn tó ń ka DNA, ìyẹn àmì àjogúnbá inú ara, wo ìgbà tí àwọn méjèèjì pínyà, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó tó ọdún 170,000 sẹ́yìn. Nínú ihò Contrebandiers ní Mòrókò náà, wọ́n rí irinṣẹ́ eegun tí wọ́n fi ń họ awọ, àti egungun ẹranko onírun tó ní àmì pé wọ́n bó awọ ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ẹ fún lílò, láàárín ọdún 120,000 sí 90,000 sẹ́yìn. Áfíríkà nìyẹn o, kì í ṣe Rọ́ṣíà.

Rọ́ṣíà ń bọ̀. Ní Sungir, nítòsí ìlú Vladimir, nǹkan bí ọdún 34,000 sẹ́yìn, wọ́n sin ọkùnrin kan àtàwọn ọmọdé méjì, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi eyín mammoth, erin onírun ayé ọjọ́un, ṣe tó wà lára wọn lé ní 13,000. Aṣọ ti jẹrà, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n rán an sí, lára bó ṣe tò ni wọ́n fi mọ irú aṣọ tó jẹ́, ó bo ẹsẹ̀, ó bo apá, fìlà náà ní ìlẹ̀kẹ̀ lára. Aṣọ tí wọ́n gé, tí wọ́n rán mọ́ ara ni, kì í ṣe awọ tí wọ́n kàn ju sí èjìká. Ní Yana, ní Siberia, ibi tó jẹ́ pé oòrùn kì í yọ láwọn ọjọ́ kan nígbà òtútù, àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 32,000 sẹ́yìn, wọ́n sì bá abẹ́rẹ́ tó lójú níbẹ̀. Abẹ́rẹ́! Ẹ bi télọ̀ yín, kò sóhun tó kéré tó ṣe pàtàkì tó o, torí aṣọ tí atẹ́gùn ń gba ojú ìrán ẹ̀ wọlé, ó lè pa èèyàn ní Siberia.

Gbogbo ohun tí mò ń sọ látàárọ̀, ìtàn àwọn tó yè ni. Ìtàn ò pé bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ilé olódi kan ní ìlú Ranis ní Jámánì, ihò kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn bíi tiwa gbé ní nǹkan bí ọdún 45,000 sẹ́yìn, òtútù ìgbà yẹn sì burú ju tòní lọ níbẹ̀. Lọ́dún 2024, wọ́n ka DNA wọn. Ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin wà nínú wọn, wọ́n sì ní ìbátan kan ní Zlatý kůň ní Czechia, obìnrin kan tí orí ẹ̀ ti wà nílé ìkẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kìlómítà tó lé ní 200 sí ara wọn. Àwọ̀ wọn dúdú, irun wọn dúdú, ẹyinjú wọn náà dúdú, ìyẹn ni pé wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n kúrò ní Áfíríkà. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òtútù, kì í ṣe pé wọn ò gbọ́n. Àmọ́ iye gbogbo ìran wọn ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, wọ́n sì fọ́n ká sórí ilẹ̀ tó fẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ọmọ wọn láyé lónìí. Wọ́n wá, wọ́n gbé ibẹ̀, wọ́n tán.

Àwọn tó jáde kúrò ní Áfíríkà ṣáájú wọn náà, àwọn tí egungun wọn wà ní Skhul àti Qafzeh ní Ísírẹ́lì, tó ju ọdún 90,000 lọ, ó jọ pé ohun kan náà ló ṣe wọ́n. Èyí tó wá yege, tí gbogbo ayé tó kù ti wá, kò ju nǹkan bí ọdún 50,000 lọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló yàtọ̀ nínú ìyẹn? Emily Hallett àti Michela Leonardi, pẹ̀lú Eleanor Scerri àti Andrea Manica, gbé iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 2025 tí mo rò pé ó dáhùn ẹ̀ dáadáa. Wọ́n kó gbogbo ibi tí èèyàn gbé ní Áfíríkà jọ, wọ́n fi wé ojú ọjọ́ ibẹ̀ nígbà náà, wọ́n wá rí i pé láti nǹkan bí ọdún 70,000 sẹ́yìn àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọ ibi tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀, igbó kìjikìji tó ṣókùnkùn àti aṣálẹ̀ tó gbẹ táútáú. Nílé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa jáde, wọ́n ti jẹ gbogbo oríṣi ìyà tí ojú ọjọ́ lè fi jẹ èèyàn ní Áfíríkà, kò sí nǹkan tuntun tí ìrìn àjò fẹ́ fi hàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ igbó yẹn kàn wá gan-an, àwa tá a wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ni pé èèyàn àtijọ́ ò lè gbé inú igbó, pé ọ̀dàn ni wọ́n mọ̀, igbó ń bọ̀ níkẹyìn. Ní Anyama, nítòsí Abidjan, François Yodé Guédé, ọmọ Côte d'Ivoire, ti wa ilẹ̀ kan ní àwọn ọdún 1980, Bété I ni wọ́n ń pè é, ó rí irinṣẹ́ òkúta nísàlẹ̀ pátápátá àmọ́ kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ ọjọ́ orí ẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi ẹ̀rọ òde òní yẹ̀ ẹ́ wò, èsì jáde lọ́dún 2025 pé ó ti tó ọdún 150,000, inú igbó kìjikìji sì ni, lulú òdòdó àti àwọn nǹkan ara ewé tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo kà á pé àwọn tó ń wa ilẹ̀ tà ti wa ibẹ̀ jẹ́ báyìí. Ká ní wọn ò tètè dé ni, ó ti lọ.

Tiwa náà wà nílé. Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn èèyàn lọ síbẹ̀, wọ́n wa òkúta gígé kéékèèké rẹpẹtẹ jáde, wọ́n sì bá egungun èèyàn kan níbẹ̀, òun sì ni egungun èèyàn tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ orí ẹ̀ wà láàárín ọdún 11,000 sí 16,000. Katerina Harvati àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọn agbárí yẹn lọ́dún 2011, ó sì yà wọ́n lẹ́nu, torí ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ agbárí tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Iṣẹ́ míì tún jáde lórí ibẹ̀ lọ́dún 2023, ó ní igbó ò kúrò láyìíká ihò yẹn fún nǹkan bí ọdún 14,000, kódà nígbà tí ọ̀dàn ń gba ilẹ̀ káàkiri. Àwọn èèyàn ń padà wá síbẹ̀ ṣáá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba Àkúrẹ́ kọjá, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń kí.

Mo fẹ́ dúró níbẹ̀ yẹn kí n gba ìbéèrè.

Bọ̀dá tó wọ aṣọ búlúù yẹn ní ṣé ìyẹn ni pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa lórí ojú ọjọ́ tòní, ṣebí èèyàn ti rí i rí. Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn yẹn ò pọ̀, ilé wọn wà léjìká wọn, kò sí fíìsà. Lèkkí ò ṣeé dì lẹ́rù. Àti pé nínú yìnyín Antarctica tí wọ́n ti kà padà dé ọdún 800,000, carbon dioxide, èyí tó ń mú ayé móoru, tó wà nínú afẹ́fẹ́ ò kọjá nǹkan bí 300 nínú mílíọ̀nù kan rí, ó ti ju 420 lọ báyìí. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí mo dárúkọ látàárọ̀ tó fojú rí irú ìyẹn.

Màmá béèrè pé ṣé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí. Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá ma, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìran ń kọjá. Àmọ́ ó máa ń já lu èèyàn nígbà míì. Ní nǹkan bí ọdún 11,700 sẹ́yìn, Greenland fi nǹkan bí dígírì mẹ́wàá móoru láàárín ọdún mélòó kan tí kò tó ọjọ́ ayé èèyàn. Ẹni tó bá wà lápá ọ̀hún nígbà yẹn á ti rí i, á sì ti rí ẹjọ́ rò fún ọmọ ọmọ.

Ọmọbìnrin tó wà níwájú ní mo ń sọ ọgbọ́n àti èèyàn látàárọ̀, ṣé ara ò wá ṣe nǹkan kan rárá ni. Ó ṣe é o, àbúrò, ó kàn ń pẹ́ ni. Àwọn ará Tibet tó ń gbé ibi tó ga ju mítà 4,000 lọ ní jíìnì kan, ohun inú ara téèyàn ń jogún, tó ń jẹ́ kí ara wọn gba afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn àtijọ́ míì tí wọ́n ń pè ní Denisovan ni wọ́n ti gbà á, ọmọ ni wọ́n jọ bí. Tiwa wà lórí wa. Tina Lasisi, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, òun àti Nina Jablonski àtàwọn míì gbé ère èèyàn kan tí wọ́n fi ike ṣe sínú yàrá kan ní Yunifásítì Loughborough ní Ìlú Ọba, ère tó ń gbóná bí ara, wọ́n tan iná tó mú bí oòrùn lé e lórí, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ láìsí irun, wọ́n wá fi wíìgì onírun gbọọrọ sí i, wọ́n fi èyí tó ká díẹ̀, wọ́n fi èyí tó ká wẹ́wẹ́ bíi tiwa. Gbogbo irun ló dáàbò bo orí, àmọ́ èyí tó ká wẹ́wẹ́ ló jẹ́ kí ooru oòrùn tó wọlé kéré jù, tí orí ò fi ní láti làágùn púpọ̀ kó tó tutù, ẹni tí ò bá sì làágùn púpọ̀, omi inú ẹyin ògòǹgò ẹ̀ á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ wá bá mi lẹ́yìn.